Ẹyin Mọ́kànlá Nínú Omi Tútù

Iléèwé tí àwọn ọmọ mi ń lọ ní Ìkàrẹ́ ń pe ara rẹ̀ ní iléèwé àgbáyé. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà jù lọ níbẹ̀ ń ti Òkè-Àgbè wá, lórí ọ̀kadà bàbá rẹ̀. Àwa òbí kò rí àléébù kankan nínú orúkọ náà. A máa ń pè é ní kíkún, pàápàá tí a bá wà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tí ọmọ wọn ń lọ sí iléèwé ìjọba.

Nígbà tí ìsinmi àárín sáà kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n pe ìpàdé òbí. Ìyáàfin ọ̀gá iléèwé wọ ẹ̀wù funfun gbàgẹ̀rẹ̀ bíi ti dókítà wá. Iléèwé yìí kò ní yàrá ìwádìí kankan o. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ni wọ́n ní, àwòrán egungun ènìyàn àti àrọ oníke kan ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ilé ìdáná ni yàrá ìwádìí àkọ́kọ́ tí ọmọ ń wọ̀ láyé, àti pé òbí ni ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀. A pàtẹ́wọ́. Tèmi ló dún jù, torí pé mo ti jókòó láti aago mẹ́sàn-án, mo sì rò pé ó ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò tíì fẹ́ parí. Ó pín bébà fún wa, ìwádìí mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe nílé, kí ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé.

Èmi àti sáyẹ́ǹsì ti kọ ara wa sílẹ̀ láti iléèwé girama, láìsí ìjà. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Mo lè sọ ẹni tó bá ẹni jagun, àti ìdí tí àwọn méjèèjì fi ń purọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n pè mí, àwọn ọmọ mi sì wà níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìsinmi bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ń múra láti jáde. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Ẹ má jó ilé o. Ẹ má sì fọwọ́ kan sóbò mi tó wà nínú fíríìjì.”

Àkọ́bí mi, obìnrin, ọmọ ọdún méje, ti mú ìwé àti bírò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, kò mú nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀.

“Dádì, èwo ló máa bú gbàmù?”

“Kò sí èyí tó máa bú.”

“Kí wá ni à ń ṣe?”

A da epo pupa sínú kọ́ọ̀pù omi kan. Epo náà dúró lókè. Mo ṣàlàyé pé epo fúyẹ́ ju omi lọ. Ọmọbìnrin mi wo kọ́ọ̀pù náà, ó wo èmi náà.

“Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì epo Mọ́mì, mi ò lè gbé e.”

“Ìyẹn yàtọ̀.”

“Báwo?”

Mo ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kíyè sí i pé “kọ ọ́ sílẹ̀” máa ń pa ọ̀pọ̀ ìbéèrè lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olùkọ́ ṣe fún àwa náà.

Èkejì dára. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún tí a ti lọ̀, ó hó yeee, ìfófòó rẹ̀ kún kọ́ọ̀pù, ó ṣàn sórí tábìlì, ó ń kán sílẹ̀. Ọmọkùnrin mi fò sókè. “Ó bú!” Kò bú, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn. Fún ẹ̀kẹta, bébà náà ní kí a wá nǹkan tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà, nínú ilé wa, sóbò nìkan ló sì yẹ iṣẹ́ náà. Díẹ̀ péré ni mo fẹ́ bù. Ọsàn wẹ́wẹ́ mú un pọ́n fòò, káún sọ ọ́ di àwọ̀ omi àbàtà. Àwọn ọmọ ní kí a tún un ṣe. A tún un ṣe títí jọ́ọ̀gì fi gbẹ.

Ìyàwó mi dé ní aago mẹ́rin, ó ṣí fíríìjì.

“Ta ló mu sóbò mi?”

“Sáyẹ́ǹsì ni,” ọmọkùnrin mi dáhùn.

“Ẹ bá mi sọ fún Sáyẹ́ǹsì pé abọ́ wà nílẹ̀ tó máa fọ̀.”

Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, ó ku ìwádìí kẹrin, tí í ṣe ti ẹyin. Mo mú mẹ́ta nínú kéréètì, a fi wọ́n sínú omi, gbogbo wọn rì. Ìyàwó mi wá rántí ọ̀kan tó ti wà lẹ́yìn àpò gàrí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Èyí léfòó bíi bọ́ọ̀lù. Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fọ́ ọ níṣojú wọn. Òórùn náà gba orí odi lọ bá aládùúgbò wa, obìnrin náà sì béèrè láti ọ̀hún bóyá ẹnì kan ti kú lọ́dọ̀ wa. Inú àwọn ọmọ dùn kọjá ààlà.

“Kọ ọ́ sílẹ̀,” mo wí, mo na ìka sókè. “Ẹyin tó bá rì, ó dára. Ẹyin tó bá léfòó, ó ti bàjẹ́. Kò sí àyàfi.”

Bébà iléèwé kò sọ pé kò sí àyàfi. Èmi ni mo fi kún un, torí pé ó dùn létí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀kà, láti lo ìyókù ìsinmi náà. Ilé ìyá mi fẹ̀yìn ti àpáta, ẹsẹ̀ àpáta náà gan-an ni ilé adìẹ rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin mi sáré lọ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni. Nígbà Kérésì, ìyá mi fún un ní adìẹ pupa kan, ó ní tirẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa á. Adìẹ náà ti wá ń sàba, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ yìí ti ń gba fóònù mi lójoojúmọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà bóyá wọ́n ti jáde. Ó ti ya àwòrán àwọn òròmọdìẹ náà. Ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀. Ó ti pinnu èyí tí àbúrò rẹ̀ lè gbé, àti iye ìṣẹ́jú tó lè fi gbé e.

“Ó ku ọjọ́ méjì,” ìyá mi wí. Ó ti wọṣọ ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ó ń wé gèlè lọ́wọ́. “Ọjọ́ Ajé ló máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu o. Ìwọ ni mo ń bá wí.”

Ọmọkùnrin mi ló nàka sí. Èmi ló yẹ kí ó nàka sí.

Ìyá mi kò tíì dé òpópónà tí ọmọbìnrin mi fi lóṣòó sí ẹnu ilé adìẹ, tó ń yọjú wo abẹ́ adìẹ náà.

“Dádì, ṣé gbogbo ẹyin yẹn ló dára?”

Bàbá tó gbọ́n ì bá sọ pé kí a dúró de ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n àná ni mo di ọ̀jọ̀gbọ́n, oyè náà ṣì ń gbóná lórí mi.

“Ìyẹn kò le,” mo ní. “Ìwádìí kẹrin ni. Lọ gbé báàfù wá.”

Adìẹ pupa kò gbà. Ó fi ẹnu gún mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí i gbé kúrò. Mo fi agbọ̀n dé e mọ́lẹ̀, ó sì ń bú mi láti abẹ́ agbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ fi ń lọ. Ẹyin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn dọ̀tí, wọ́n ní ìlà dúdú lára bí ẹni pé ọwọ́ eléèédú ti kàn wọ́n. Mo ronú pé ìyá mi ti ń dàgbà, ojú rẹ̀ kò ríran bíi tàtijọ́ mọ́. Mo mú àkísà, mo nù wọ́n, mo nù wọ́n dáadáa títí gbogbo wọn fi mọ́ bákan náà. Lẹ́yìn náà mo fa omi kànga sínú báàfù, omi ẹsẹ̀ àpáta, tó máa ń dun ẹni léyín.

Ẹyin àkọ́kọ́ léfòó. Èkejì léfòó.

“Ó ti bàjẹ́!” ọmọkùnrin mi ń kígbe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka èsì ìdìbò. “Èyí náà ti bàjẹ́! Èyí dára! Ó tún ti bàjẹ́!”

Nígbà tí a parí, mẹ́ta rì, mẹ́jọ léfòó. Ọmọbìnrin mi kò sunkún. Ó fi ìka tún gbogbo wọn kà.

“Mẹ́jọ ti kú?”

“Kò sí àyàfi,” àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn.

“Mẹ́ta ṣì wà,” mo ní. “Mẹ́ta dára gan-an.” Mo dá adìẹ padà sí àyè rẹ̀, mo kó mẹ́ta náà sábẹ́ rẹ̀. Adìẹ náà wo mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

“Ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ̀kan nínú èyí tó kú!” ọmọkùnrin mi wí. “Kó rùn!”

Kí n má parọ́, mo ti na ọwọ́ sí ọ̀kan. Lójú mi, ìwádìí tí a kò fi òórùn parí kò tíì parí. Ọmọbìnrin mi fi ara bo báàfù.

“Ẹ má fọ́ wọn! Ẹ jẹ́ ká sin wọ́n. Màmá Ọ̀kà á bá wa gbàdúrà sí i.”

A kó mẹ́jọ sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ewé kókò bò wọ́n, a gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn níbi tí oòrùn ti ń pa, kí wọ́n máa dúró de ẹni tó máa gbàdúrà.

Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà ni ìyá mi dé. Kò tíì tú gèlè tó fi gbọ́ igbe.

“Kí ló ń ṣe adìẹ yẹn?”

“Mẹ́jọ ti kú, Màmá,” ọmọbìnrin mi wí. “Wọ́n léfòó.”

“Wọ́n ṣe kí ni?”

Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé dáadáa, pẹ̀lú ìka lókè, mo mẹ́nu ba afẹ́fẹ́ tó máa ń kóra jọ sínú ẹyin tó bá bàjẹ́. Ìyá mi tẹ́tí sí mi bí a ṣe ń tẹ́tí sí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí níwájú ìjọ, tí a ti mọ̀ pé yóò gbàgbé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́nu ilé adìẹ, ó fa ẹyin mẹ́ta náà jáde, ó ń yí wọn lọ́wọ́.

“Èédú dà?”

“Èédú wo, Màámi?”

“Èédú tí mo fi sàmì sí mẹ́jọ lọ́jọ́ tí mo kó wọn sábẹ́ rẹ̀. Adìẹ funfun yẹn kò nítìjú, ó máa ń yọ́ wọlé wá yé tirẹ̀ sáàárín wọn. Èyí tí kò bá ní èédú, jíjẹ ni. Ta ló nu èédú mi?”

Àwọn ọmọ méjèèjì wò mí.

“Èmi ni,” mo ní. “Mo rò pé ìdọ̀tí ni.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Yunifásítì,” ó wí.

Ojú ọ̀nà ààtàn ló ti sọ ìyókù, ó ń yára ju bí mo ti rí i kí ó yára láti ọdún mélòó kan, ó sì ń fi èdè Ọ̀kà sọ èyí tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́. Ẹyin tí a fẹ́ jẹ ni à ń fi omi tútù dán wò. Ẹyin tí adìẹ ti sàba lé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi inú rẹ̀ ti fà, àyè ti wà nínú rẹ̀, dandan ni kí ó léfòó, ì báà ti kú, ì báà wà láàyè. Mẹ́ta tó rì ni adìẹ funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Lọ́rọ̀ kan, mo ti dá oúnjẹ àárọ̀ padà sábẹ́ adìẹ, mo sì ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ààtàn.

Ìyá mi ṣí ewé kókò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àwọn ẹyin náà.

“Oòrùn ti ṣàánú yín. Omi tútù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.”

“Màmá, ṣé wọn ò tíì kú?”

“Mi ò mọ̀, ọkọ mi. Wá, ká lọ bi wọ́n.”

Ó po omi gbígbóná mọ́ tútù nínú bàsíà, ó fi ìgúnpá dán an wò bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun, títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní kí gbogbo wa dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fara kan bàsíà. Nígbà tí omi náà dúró jẹ́ẹ́, ó rọra gbé ẹyin kan lé e. Ẹyin náà léfòó, kò ṣe nǹkan kan. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi tu ọmọ mi nínú. Lẹ́yìn náà ni ẹyin náà mì. Kò sí afẹ́fẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó kàn mi orí, ó dúró, ó tún mi orí, bí àgbàlagbà tó ń tòògbé nínú ìwàásù.

“Ó mì!” ọmọbìnrin mi pariwo, ó tún fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

“Ó ń bú bàbá rẹ,” ìyá mi wí.

Mẹ́fà mì. Méjì kò mì rárá. Ìyá mi kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà sábẹ́ adìẹ pupa, ó ní àwọn kan máa ń sùn. Ọmọbìnrin mi ló fi èédú tún àmì wọn ṣe, ó sì jẹ́ kí tirẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan kò lè pè é ní ìdọ̀tí. A dín ẹyin mẹ́ta ti adìẹ funfun, a fi jẹ iṣu. Ó dùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọmọbìnrin mi kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò rí mi fín o, ó kí mi, ó gba owó ìgbá lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n tó bá ní ìbéèrè, ìyá mi ló ń lọ bá. Mo rí ìwé rẹ̀ lórí àga: ó ti fi rúlà fa ìlà pupa gba orí “kò sí àyàfi” kọjá. Bí pásítọ̀ ti ń wàásù, mo ń ronú nípa omi tútù. Mo ti fi ẹ̀wù funfun ìyáàfin ọ̀gá iléèwé ṣe ẹlẹ́yà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀wù tirẹ̀, ó kéré tán, kò tíì kan ẹyin ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ajé, a kò tíì jẹun àárọ̀ tán tí ìyá mi pe ọmọbìnrin mi sí ilé adìẹ, tó gbé ẹyin kan sí i létí kí ó gbọ́ ọmọ tó ń ké nínú rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí ojú ọmọ náà. Mo dìde.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn.”

Àpótí ẹ̀bá kànga ló nàka sí, níbi tí ọwọ́ mi kò ti lè tó nǹkan kan. Mo jókòó. Ó yà mí lẹ́nu bí ibẹ̀ ṣe dùn tó. Atẹ́gùn òkè ń fẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohunkóhun, ọmọkùnrin mi sì ń sáré wá jábọ̀ fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ọ̀kan ti jáde! Ó ní ẹsẹ̀!” Nígbà tó yá: “Ìkejì náà ní ẹsẹ̀!” Nígbà tó di aago méjì, mẹ́fà ti jáde, gbogbo wọn ló ní ẹsẹ̀.

Ó ku méjì, àwọn méjì tí kò mì. Aago mẹ́rin ló yẹ kí a gbéra, torí pé iléèwé máa wọlé lọ́jọ́ kejì. Aago mẹ́rin lù, ọmọbìnrin mi kò dìde.

“Ẹ máa lọ, màá pè yín,” ìyá mi wí.

“A ò tíì pé,” ọmọ náà dáhùn.

Ìyàwó mi pè láti Ìkàrẹ́. Ó fẹ́ mọ ohun tó dá wa dúró.

“A ń dúró de ẹnì kan,” mo ní.

“Ta ni?”

“Kò tíì dé.”

Ọmọbìnrin mi rọra fa ọ̀kan nínú méjì náà jáde, ó gbé e sí etí. Ó gbọ́ ọ pẹ́. Ó yí i sí etí kejì. Lẹ́yìn náà ó dá a padà sábẹ́ adìẹ. Bóyá omi tútù mi ló pa èyí, bóyá kì bá tí jáde tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ìyá mi ní adìẹ tó ń sàba nígbà àkọ́kọ́ kì í sábà rí ọmọ nínú gbogbo ẹyin rẹ̀. Àánú ló fi sọ ọ́, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin mi gbé ìkejì sí etí. Ojú rẹ̀ fẹ̀.

“Èyí ń sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀.” Ó yí ẹyin náà, ihò kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ sẹ́yìn àpáta ló jáde. Ó tutù, ó rí jágbajàgba, ọrùn rẹ̀ kò lè gbé orí rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n tó gbà kí n sún mọ́ ọn.

“Ó burẹ́wà o,” ọmọkùnrin mi wí.

“Bí ìwọ náà ṣe rí nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé ẹ dé láti ọsibítù,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Mo rántí.”

Adìẹ pupa fi ẹnu ti ìkeje náà sábẹ́ ìyẹ́, ó sì yan èmi nìkan láàárín gbogbo wa, ó wò mí pẹ̀lú ojú burúkú. Ọmọbìnrin mi gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní a lè máa lọ sí Ìkàrẹ́ wàyí.